Kí Ẹ Tó Sanwó Ilé, Ẹ Ní Kí Wọ́n Ṣí Sókàwéè

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé ní Súrùlérè tàbí Yábàá lóde òní, orí ìwé ni làálàá rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Lọ́yà á gba Aláùsá, níbi tí ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó wà, lọ láti wò ó bóyá orúkọ ẹni tó ń ta ilé ló wà nínú ìwé ìjọba. Sọ́féyọ̀ á yẹ pílánù ilẹ̀ wò bóyá ìjọba ti fọwọ́ lé e. Wọ́n á béèrè bóyá ẹbí ń jà sí i, bóyá ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kóòtù, bóyá wọ́n ti fi dógò ní báńkì. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tí ọmọ onílẹ̀ bá ti lé kúrò lórí ilẹ̀ tó fowó ara rẹ̀ rà mọ ìdí tí a fi ń béèrè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí oníbàárà kì í béèrè, tí éjẹ́ǹtì kì í dárúkọ, tí lọ́yà kì í sì í kọ sínú lẹ́tà: ìgbẹ́ inú ilé yìí, níbo ló ń gbà lọ?

Kọ́tìnì ni mo ń tà ní ọjà Tẹ́júoṣó. Mo ti wà níbẹ̀ kí ọjà náà tó jóná ní ìparí ọdún 2007, mo sì padà síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí èyí tí wọ́n tún kọ́ ní 2014. Òwò kọ́tìnì a máa múni wọ ilé onílé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun kò tíì ra àga tí yóò ti máa wá aṣọ fèrèsé, kí ojú ayé má baà bá a ní ìhòòhò. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi á mú téèpù, a ó lọ wọn fèrèsé láti pálọ̀ dé kíṣìnnì. Inú onílé á máa dùn, á máa fi táìsì hàn wá, á máa fi iná àjà hàn wá. Tí a bá wá dé yàrá ẹ̀yìn, ohùn á yí padà. "Màmá, ti èyí, ẹ bá mi fi aṣọ tó nípọn sí i o. A kì í ṣí fèrèsé yẹn." Bí mo bá ti gbọ́ pé wọn kì í ṣí i, kò sí ẹni tó tún ní láti júwe ibi tí sókàwéè wà fún mi. Ó wà lábẹ́ fèrèsé yẹn, ó sì ti kún.

Nígbà náà, owó ti jáde lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ta ilé ti gba tirẹ̀, éjẹ́ǹtì ti gba owó iṣẹ́ tirẹ̀, lọ́yà náà ti gba ti àdéhùn. Ìgbẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ló ṣẹ́kù fún ẹni tó ra ilé.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú Lincoln. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ ra ilé, abúlé kan lẹ́yìn ìlú ni owó wọn ká, àárín oko, níbi tí páìpù ìdọ̀tí ìlú kò dé. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní táǹkì tirẹ̀ nínú ilẹ̀ bíi tiwa níbí. Ó pè mí, ó ń ráhùn pé ohun tí ojú òun rí lórí táǹkì ìgbẹ́ ju ohun tí ojú òun rí ní báńkì lọ. Lọ́yà rẹ̀ ní kí ẹni tó ń ta ilé kọ ọ́ sílẹ̀: ibo ni táǹkì wà, irú wo ni, ibo ni omi rẹ̀ ń ṣàn sí, ìgbà wo ni wọ́n fà á gbẹ̀yìn, rìsíìtì rẹ̀ dà? Ọkùnrin kan wá, ó ti kámẹ́rà wọ inú páìpù. Bí ọjà náà ṣe dúró gbagidi nìyẹn, torí kámẹ́rà fi hàn pé inú odò kékeré tó gba ẹ̀yìn oko kọjá ni omi táǹkì ń lọ tààrà.

Òfin ibẹ̀ kò gba ìyẹn mọ́. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ṣòfin fún irú àwọn táǹkì kéékèèké bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Táǹkì ìgbẹ́ kò gbọdọ̀ da omi sódò. Wọ́n ní kí ẹni tí tirẹ̀ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ yí i padà kí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 tó dé, tàbí nígbà tó bá fẹ́ ta ilé, bí ìyẹn bá ṣáájú. Ẹni tó ń ta ilé sì gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ fún ẹni tó ń rà á pé táǹkì wà, ibi tó wà, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ti ilẹ̀ Faransé tilẹ̀ tún le sí i. Láti 2011 ni ẹni tó ń ta ilé tí kò sí lórí páìpù ìjọba ti gbọ́dọ̀ mú ìwé àyẹ̀wò táǹkì wá, ìwé náà kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju ọdún mẹ́ta lọ. Bí àyẹ̀wò bá sọ pé táǹkì kò dára, ẹni tó ra ilé ní ọdún kan láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ kó tó sanwó, ó sì ti lè fi ná owó ilé wálẹ̀. Àbúrò mi náà ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yọ owó táǹkì tuntun kúrò nínú owó ilé.

Ẹni yìí kan náà ló tún pè mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, a ti rí ilé kan ní Súrùlérè o, lọ́nà Ògúnlànà. Éjẹ́ǹtì ti fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọjú síbẹ̀." Mo ní, "Ṣé o ti bi wọ́n léèrè ibi tí sókàwéè wà?" Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, Èkó mà nìyẹn!"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bó ṣe rò lọ. Ẹni kan náà ni, owó iṣẹ́ alẹ́ kan náà ló fẹ́ ná. Ní abúlé Òyìnbó, tí omi ẹ̀rọ ti ń yọ, kò jẹ́ sanwó láìrí inú táǹkì. Ní Èkó, níbi tó jẹ́ pé inú ilẹ̀ tí à ń da ìgbẹ́ sí náà la ti ń fa omi, ó ní kí a má wulẹ̀ béèrè. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ló ń ra ilé bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ lọ́hùn-ún, etí pápá ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń fi í sí.

Mo lọ wo ilé náà. Bọ́ńgálò àtijọ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n wó o, wọ́n kọ́ fúláàtì mẹ́fà sí i. Mo gbà, ilé rẹwà. Àjà rẹ̀ funfun kinniwin, kíṣìnnì rẹ̀ ń dán, wọ́n sì ti fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ gbogbo àgbàlá láti géètì dé ẹ̀yìn. Mo bi éjẹ́ǹtì pé sókàwéè ńkọ́. Ó nawọ́ sí igun kan. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ tí mi ò rí ìdérí, ó nawọ́ sí igun kejì. "Ó wà lábẹ́ íńtálọ́ọ̀kì, Màmá, kò lè dà yín láàmú." Ta ló kọ́ ọ? "Ti àtijọ́ yẹn náà ni, àwọn ará àtijọ́ mọ iṣẹ́." Ìyẹn ni pé táǹkì tí bàbá kan, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ń lò ni ìdílé mẹ́fà fẹ́ máa lò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí bíríkìlà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ṣe sọ ọ́ fún mi. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní sókàwéè, nǹkan méjì ni. Àkọ́kọ́ ni táǹkì tí ìgbẹ́ ń kọ́kọ́ wọ̀. Wọ́n á fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, wọ́n á rẹ́ ẹ dáadáa kó má baà jò. Ohun tó wúwo á rì sísàlẹ̀, ọ̀rá á léfòó, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á máa jẹ ẹ̀gbin náà díẹ̀díẹ̀. Omi àárín nìkan ló yẹ kó gba páìpù bọ́ sí kòtò kejì, èyí tó jẹ́ sókàwéè gan-an, tí wọ́n dá ihò sí lára búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kí ilẹ̀ lè máa fa omi náà mu. Bí táǹkì bá kéré fún àwọn tó ń lò ó, ìgbẹ́ kò ní ráyè rì. Á bá omi wọ́ lọ sí kòtò kejì, á dí gbogbo ihò ibẹ̀, ilẹ̀ á kọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ọkọ̀ tó ń fa sókàwéè ti di àlejò oṣooṣù nínú ilé yẹn. Kò sì sí pé a tún un fà, a tún un fà, kó padà sípò. Kòtò tí ojú rẹ̀ bá ti dí, ti dí nìyẹn.

Báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó? Ìlànà ilé kíkọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí táǹkì ènìyàn mẹ́rin gba lítà 2,700 ó kéré tán, kí wọ́n sì fi lítà 180 kún un lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan tó bá lé. Ká ní ènìyàn márùn-ún ló wà nínú fúláàtì kọ̀ọ̀kan, ọgbọ̀n ènìyàn ni fúláàtì mẹ́fà. Lítà 7,380 nìyẹn. Táǹkì tó gùn ní mítà méjì, tó fẹ̀ ní mítà kan, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà kan àbọ̀, lítà 3,000 péré ló ń gbà, irú èyí sì ni wọ́n máa ń gbẹ́ fún bọ́ńgálò. Nínú ọgbọ̀n tí mo kà yìí, mi ò ka ọmọ ọ̀dọ̀, mi ò sì ka àwọn àlejò Iléyá.

Kì í ṣe pé Èkó kò mọ̀ ọ́n rí. Àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ̀rẹ̀ ní 1924 ló fà á tí ìjọba Òyìnbó fi dá ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò, àwọn ló sì la Yábàá. Àwọn ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀yìn ilé kọjá ní Èbúté Mẹ́tà àti Yábàá, tí àwọn ọmọ òde òní ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí, agbépóò ni wọ́n là wọ́n fún, kó lè gba ibẹ̀ wá gbé póò lóru. Nígbà tí wọ́n sì ń kó àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó wá sí Súrùlérè láti 1955, wolé-wolé ń bẹ nígboro. Ìyá mi kì í bẹ̀rù ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n tó bá gbọ́ pé wolé-wolé ti wọ àdúgbò, ìkòkò omi ni yóò sáré ṣí, kí wọ́n má baà bá tanwíji nínú rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni wolé-wolé máa ń kọ́kọ́ gbà, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú pálọ̀ yín. Éjẹ́ǹtì òde òní, pálọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í dé ẹ̀yìnkùlé.

Agbépóò ti lọ, wolé-wolé ti di ẹni tí a ń fi ń ṣàwàdà, ìgbẹ́ kò lọ síbì kankan. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwa tí à ń gbé ìsàlẹ̀ àdúgbò là ń kó o. Bí òjò oṣù kẹfà bá ti ṣú, àwọn onílé kan á ti múra. Wọ́n ti so páìpù mọ́ sókàwéè, ẹnu rẹ̀ wà ní gọ́tà. Òjò á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ṣí i, àgbàrá á gbé e lọ, kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sí ẹni tó lè sọ pé ilé tibí ni. A ó bọ́ bàtà, a ó ká ṣòkòtò, a ó sì fẹsẹ̀ wọ́ ọ dé ọjà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì pa ju ogún ènìyàn lọ. Mi ò sọ pé ilé báyìí ló fà á. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tó wọnú omi tàbí oúnjẹ ni onígbáméjì ń bá rìn, mi ò sì mọ àdúgbò tí a ti ń fi omi òjò fọ sókàwéè tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Àwọn ọkọ̀ tó ń fà á pàápàá, fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ọ̀sà ní Ìdó ni wọ́n ń dà á sí, kí ìjọba tó ti ibẹ̀ pa ní 2024.

Ti kànga àti bọ́ọ̀hóòlù ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn onímọ̀ ìlera ní kí ibi tí a ti ń fa omi mímu jìnnà sí sókàwéè tó mítà 30. Pùlọ́ọ̀tì kan tí a ń pariwo ní Èkó, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ni. Mítà 18 ni fífẹ̀ rẹ̀, mítà 36 ni gígùn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ti Súrùlérè àti Muṣin kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹ fi sókàwéè síwájú pátápátá, ẹ fi bọ́ọ̀hóòlù sẹ́yìn pátápátá, ó ku ti ẹni tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì yín, tó fi tirẹ̀ sí ibi tó wù ú. Ẹni tó ń ra ilé gbọ́dọ̀ béèrè ti aládùúgbò mọ́ tirẹ̀.

Òfin kò sì wọ́n wa. Àwòrán ilé tí LASPPPA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé, ń buwọ́ lù gbọ́dọ̀ fi ibi tí táǹkì àti sókàwéè wà hàn. Iṣẹ́ LASBCA ni láti rí i pé bí wọ́n ṣe yà á náà ni wọ́n kọ́ ọ. LSWMO, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó omi ẹ̀gbin, ń fún àwọn tí tiwọn ń tú sójú títì ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n a sì ti ilé mìíràn pa. Ẹ wò ó dáadáa. Ìjọba wà níbẹ̀ nígbà tí ilé kò tíì dìde, ó tún wà níbẹ̀ nígbà tí ìgbẹ́ ti dé títì. Ọjọ́ tí ilé ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, tí owó ńlá wà lórí tábìlì, tí ẹni tó ń tà á ṣe tán láti ṣe ohunkóhun kí owó náà lè wọlé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kò sí ẹnì kankan tó ń béèrè táǹkì. Ọjọ́ yẹn ló sì rọrùn jù láti mú ènìyàn ṣe ohun tó tọ́.

Ọ̀nà rẹ̀ wà ńlẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ti ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ní ìwé ìjọba tó lè di ti ẹlòmíràn. Kí Aláùsá kúkú sọ pé òun kò ní gba ìwé náà wọlé bí kò bá sí ìwé àyẹ̀wò táǹkì nínú rẹ̀, tí LSWMO fọwọ́ sí, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Kí ìwé náà sọ bí táǹkì ṣe tóbi tó, iye ènìyàn tó lè gbà, ibi tí omi rẹ̀ ń lọ, àti bí ó ṣe jìnnà sí kànga tó.

Wọ́n á ní mo tún fẹ́ dá ọ̀nà owó ẹ̀yìn mìíràn sílẹ̀. Bóyá. Èkó ni mo ti dàgbà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ra ìwé. Ṣùgbọ́n ìwé irọ́ ní orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i lára, a sì lè gbé ẹni náà lọ sí kóòtù. Ẹnu éjẹ́ǹtì kò ní òǹtẹ̀. Àwọn mìíràn á béèrè pé opó tó ní ilé oníyàrá méjìlá ní Muṣin, tó fẹ́ tà á kó lè rówó ìtọ́jú, ibo ló ti fẹ́ rí owó táǹkì tuntun? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ti Faransé fi wù mí. Kí opó sọ òótọ́, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó ilé, kí ẹni tó lówó lọ́wọ́ tún un ṣe láàárín ọdún kan.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ fi ọgbọ́n ara yín ṣe é. Ẹ lọ wo ilé nígbà òjò, kì í ṣe ní oṣù kejì tí ilẹ̀ gbẹ. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí. Bí íńtálọ́ọ̀kì bá wà lórí rẹ̀, kí wọ́n hú u. Ẹni tó ń fa sókàwéè ni kẹ́ ẹ pè láti wò ó, ẹ má gbé orí sí i, ẹ má sì tan iná síbẹ̀, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti pa ènìyàn rí. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ tú omi sí gbogbo ilé ìgbẹ́, kẹ́ ẹ wò ó bóyá omi á dá padà. Ẹ da aró sínú rẹ̀, kí ẹnìkan dúró ti gọ́tà. Bí páìpù tààrà bá wà, aró kò ní purọ́. Ẹ wá lọ ra omi tútù lọ́wọ́ obìnrin tó ń tajà níwájú ilé, kẹ́ ẹ bi í pé ìgbà wo ni ọkọ̀ fa sókàwéè ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Tó bá ní "lóṣooṣù," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ti àbúrò mi, mo ní kí éjẹ́ǹtì hú íńtálọ́ọ̀kì méjì péré. Kò gbé fóònù mi mọ́ láti ọjọ́ náà. A ti ń wo òmíràn lẹ́yìn ọjà Yábàá, tí bàbá tó ni ín fúnra rẹ̀ fi irin ṣí ìdérí fún wa kí a tó béèrè. Táǹkì rẹ̀ kò tóbi tó, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. A ń dúnàádúrà.

Ẹ̀yin aṣòfin Èkó, ọ̀rọ̀ ìwé àyẹ̀wò yìí wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin lọ́yà ní tiyín, ẹ kò ní láti dúró dè wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn tó kàn tẹ́ ẹ máa ṣe, pé kí ẹni tó ń ta ilé sọ ibi tí táǹkì wà, bó ṣe tóbi tó, ìgbà tí wọ́n fà á gbẹ̀yìn, kó sì fọwọ́ sí i.